Àjọ Tí Joback Kó Jọ, àti Èèpo Kajú Wa



Ní ọdún 1987, Kevin Joback àti Robert Reid, tí iṣẹ́ wọn ti MIT ní Amẹ́ríkà wá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ tó ń jẹ́ Chemical Engineering Communications. Àpilẹ̀kọ náà kò gùn. Ohun tó ṣèlérí rẹ̀ ni pé bí o bá lè ya àwòrán mólékù kan sórí ìwé, àtẹ kan wà níbẹ̀ tí yóò sọ fún ọ ìwọ̀n ooru tí nǹkan náà yóò fi hó, ìwọ̀n tí yóò fi yọ́, iye agbára tó wọ inú rẹ̀ nígbà tí átọ́mù ń so pọ̀ di òun, àti nǹkan mẹ́jọ mìíràn, láìjẹ́ pé o gbé ìkòkò kaná rárá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún báyìí. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kẹ́mísírì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní ilẹ̀ wa tí àtẹ yẹn kò tíì dé, yálà àwọn tó ń lò ó mọ orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Àwa tí a fẹ́ràn ìwé máa ń ṣe lámèyítọ́ eré orí ìtàgé, a máa ń ṣe ti ìwé ìtàn àti ti ewì. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi ní ṣe lámèyítọ́ àtẹ nọ́ńbà. Àtẹ náà ní ẹni tó kọ ọ́, ó ní ohun tó rí àti ohun tó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó sì ní àwọn òǹkàwé tó kà á dáadáa àti àwọn tó kà á kọjá ohun tó sọ. Àwọn òǹkàwé ìkẹyìn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí kàn jù, nítorí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ kan iná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí àtẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àjọ ni. Ṣé ẹ mọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń dáwó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìnáwó? Joback gé mólékù sí ìdì átọ́mù kéékèèké, 41 ni irú ìdì tó wà nínú àtẹ rẹ̀, ó sì bu owó lé ìdì kọ̀ọ̀kan lórí. Tó bá jẹ́ ti ìwọ̀n ooru ìhó ni, owó ìpìlẹ̀ tó wà nínú àpótí kí ẹnikẹ́ni tó dá tirẹ̀ ni 198.2. Ìdì CH3 máa dá 23.58. CH2 máa dá 22.88. OH ti ọtí máa dá 92.88. COOH, ìdì tó ń sọ nǹkan di ásíìdì, ọlọ́lá ni, ó máa dá 169.09. O ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá jáde ni ooru ìhó ní ìwọ̀n kelvin, yọ 273.15 kúrò, ó di Celsius. Ó parí. Ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́fà lè ṣe é.

Ẹ mú acetic acid wò, òun ló ń mú ẹmu àná kan. CH3 kan, COOH kan. 198.2 àti 23.58 àti 169.09 jẹ́ 390.87. Ní Celsius, 117.7. Ìwọ̀n tí àwọn tó gbé e kaná rí ni 118. Ẹ ò rí nǹkan! Bí a bá ní ká pe èyí ní oògùn, kò burú. Mo rántí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe máa ń rẹ́rìn-ín ayọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣe ìṣirò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ wá mú ọtí inú ògógóró, ethanol. CH3, CH2, OH: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 337.54, ìyẹn 64.4 ní Celsius. Ethanol kì í hó ní 64.4 o. 78.3 ló ti ń hó. Ohun tó ń hó ní nǹkan bí 64.7 ni methanol, èyí tó ń fọ́ ènìyàn lójú, tó sì ń pani. Ẹ kò ní tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní Rivers lọ́dún 2015, tí àwọn ènìyàn mu ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kú. Kò sí ẹni tó fi àtẹ Joback pọn ọtí yẹn, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣìṣe dígírì 14, tí ó dà bí ohun kékeré lórí ìwé, tóbi tó àlàfo tó wà láàárín ọtí àti májèlé.

Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá bi àtẹ kan náà nípa ethanol kan náà, pé agbára mélòó ló wọ̀ ọ́ nígbà tí a dá a láti ara kábọ̀n, háídrójìn àti ọ́síjìn, yóò dáhùn pé −236.8 kilojoule fún mole kan. Èyí tí wọ́n wọ̀n jẹ́ nǹkan bí −235. Ó gbà á! Àtẹ kan, mólékù kan, ìdáhùn kan ṣe rẹ́gí, ìkejì yẹ̀. Kí ló dé?

Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ dúró sí fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó ṣí ojú ewé mìíràn. Agbára tó ń so átọ́mù pọ̀ nínú mólékù, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ìsopọ̀ láàárín kábọ̀n àti háídrójìn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìyára kẹta, nítorí náà, ìdáwó bá a mu: kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá, kí a ṣírò. Ṣùgbọ́n híhó àti yíyọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé. Ọ̀rọ̀ ilé sí ilé ni, bí mólékù kan ṣe di èkejì mú, bí ó ṣe jókòó tì í, bóyá ó ká ẹsẹ̀ tàbí ó nà án. Owó orí kò lè sọ ìyẹn. Joback àti Reid mọ èyí. Wọ́n yàn láti gbà pé ìdì kan kò ní í ṣe pẹ̀lú ìdì kejì, nítorí wọ́n fẹ́ ohun tó rọrùn, tí ènìyàn lè ṣe pẹ̀lú bírò àti bébà. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú tiwọn, Lydersen ṣe é ní Wisconsin lọ́dún 1955. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ni. Ìpinnu wọn jẹ́ ìpinnu òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣe. Kò sì jọ mí lójú pé ó gbayì kíákíá, torí Reid wà lára àwọn tó kọ The Properties of Gases and Liquids, ìwé tí gbogbo ayé iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà ń lò, ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin sì jáde ní 1987 yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àtẹ náà wọ ọjà Kabba.

Palmitic acid pọ̀ nínú epo pupa, ara ọ̀pẹ gan-an ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ó ní CH3 kan, CH2 mẹ́rìnlá, COOH kan. COOH yìí náà ni èyí tó ṣe dáadáa lọ́jọ́ tí a ṣírò acetic acid, owó tó dá kò yí padà. Ẹ rò ó pọ̀: 711.19 kelvin, ìyẹn 438 Celsius. Nǹkan bí 350 ni palmitic acid ti ń hó. Àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 dígírì. Ìdí rẹ̀ ni pé àtẹ ń gba 22.88 lọ́wọ́ CH2 kìíní, ó sì ń gba 22.88 lọ́wọ́ ìkẹrìnlá, bí ẹni pé ọ̀kan-ùn ni wọ́n. Ní ayé gidi, bí ìlà kábọ̀n bá ṣe ń gùn sí i ni ohun tí CH2 tuntun ń fi kún un ń dínkù. Láti hexane sí heptane, ooru ìhó ń fi nǹkan bí 30 dígírì gòkè. Láti hexadecane sí heptadecane, 15 péré ni. Àjọ tó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ ọmọ ìkókó àti àgbàlagbà, ìṣirò rẹ̀ kò lè jọ ohun tó wà nílé. Àwọn mìíràn ti tún èyí ṣe. Ní 1994, Constantinou àti Gani gbé ọ̀nà kan jáde tí kì í kàn án ro owó pọ̀ lásán, tó ń mú logarithm àpapọ̀ rẹ̀ kí ìlà náà lè tẹ̀. Mo fi tiwọn ṣírò palmitic acid, mo rí nǹkan bí 335. Kò péye, ṣùgbọ́n ẹ fi wé 438.

Ti yíyọ́ burú ju ti híhó lọ. Ásíìdì méjì ló pọ̀ jù nínú òrí tí àwọn ìyá wa ń tà, stearic àti oleic. Stearic máa ń yọ́ ní nǹkan bí 69 Celsius, ó le bí àbẹ́là. Oleic máa ń yọ́ ní nǹkan bí 13, ìyẹn ni pé ní gbogbo ọjọ́ ayé ní ilẹ̀ Òkun, àfi bí ọyẹ́ bá mú jọjọ, òróró ló máa jẹ́, yóò sì máa ṣàn. Àtẹ Joback sọ pé stearic yóò yọ́ ní 180, oleic ní 175. Kí ẹ gbójú kúrò lára bí méjèèjì ṣe ga tó. Ẹ wo àlàfo àárín wọn: dígírì márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 56 ló wà láàárín wọn ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tó dì àti ohun tó ń ṣàn, èyí tí ìyá tó ń po òrí mọ̀ láti ìka ọwọ́ rẹ̀, àtẹ náà kò rí i. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé oleic ní ìsopọ̀ onímejì kan láàárín ìlà rẹ̀, ìsopọ̀ yẹn sì ká a ní orúnkún, kò jẹ́ kó lè jókòó ti èkejì rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá na orúnkún yẹn, tí ẹ kò fi átọ́mù kan kún un tí ẹ kò sì yọ ọ̀kan kúrò, ó ti di elaidic acid, ìyẹn sì ń yọ́ ní nǹkan bí 45. Lójú Joback, elaidic àti oleic jẹ́ ohun kan náà délẹ̀délẹ̀. Iye ènìyàn ló kà, kò wo bí wọ́n ṣe jókòó.

Ṣé àwọn tó ṣe àtẹ náà wá tan wá jẹ ni? Rárá. Wọ́n kọ àṣìṣe wọn síbẹ̀. Fún ooru ìhó, wọ́n lo nǹkan 438, ìpíndọ́gba àṣìṣe jẹ́ 12.9 kelvin. Fún yíyọ́, nǹkan 388, ìpíndọ́gba 22.6. Ẹni tó bá ka ìyẹn tó sì tún kọ ooru yíyọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdá, òun ló tan ara rẹ̀ jẹ.

Síbẹ̀, ó yẹ ká béèrè: ìpíndọ́gba ta ni? Nǹkan 438 yẹn, ohun tí ẹnìkan ti wọ̀n ni wọ́n. Ohun tí ẹnìkan bá sì ti wọ ooru ìhó rẹ̀, ó ní láti jẹ́ ohun tó ń hó. Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Nǹkan tó máa ń bàjẹ́ kó tó hó kò lè sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn láéláé. Àtẹ náà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí o bá sì bi í nípa irú rẹ̀, kò ní sọ pé òun kò mọ̀. Kò ní ẹnu tó fi lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni yóò ṣe fún ọ.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ kajú. Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, àwọn tó ń gbin ín wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà pẹ̀lú èèpo lára. Nínú èèpo yẹn ni oje dúdú wà, tó ń bó ètè àwọn ọmọdé tó bá fi eyín fọ́ ọ, tó sì máa ń gbiná yàà bí a bá ń sun kajú nínú agbada. Wọ́n ń fi oje náà ṣe oríṣiríṣi níbòmíràn, láti ìdádúró mọ́tò dé ọ̀dà tí omi òkun kò lè tètè ba jẹ́. Torí náà, inú mi dùn nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan wá fún mi pé kí n wò, tó dá lórí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lè máa fa oje èèpo kajú kí wọ́n sì máa yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní lórúkọ níbí. Ọmọ náà gbìyànjú, èdè rẹ̀ dára, àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ní orí kẹrin ni mo ti rí àtẹ àbájáde. Anacardic acid, tó jẹ́ olórí ohun tó wà nínú oje náà: ooru ìhó, 687.60 Celsius. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n oje tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi òṣùwọ̀n wọ̀n, tí ẹni tó bá ń kà á kò ní mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kàn àti èyí tí kò kàn. Mo mú bírò, mo ṣe àjọ náà: CH oníòrùka mẹ́ta, C oníòrùka mẹ́ta, OH phenol kan, COOH kan, CH2 mẹ́rìnlá, CH3 kan. 960.75 kelvin. Ó bá a mu délẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán mólékù orí kọ̀ǹpútà ló ṣe ìṣirò náà fún un, ó sì ṣe é láìṣì kan.

Aluminium ń yọ́ ní 660. Bí ooru ìhó yẹn bá jẹ́ òótọ́, ìkòkò tí wọ́n fi ń dáná ní ilé gbogbo wa yóò ti yọ́ sínú iná kí oje kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí hó.

Kì í ṣe òótọ́, nítorí anacardic acid kì í dé ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ kajú, wọ́n ń yan èèpo nínú oje gbígbóná ní nǹkan bí 180 sí 200. Ní ìwọ̀n yẹn, COOH ti ń já kúrò lára rẹ̀, ó ń fò lọ bí carbon dioxide, ohun tó kù sì ń jẹ́ cardanol. Ẹni tó bá pàdánù COOH kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ìṣirò tó gba 169.09 lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ òkú ló ti gba owó. Àtẹ kò mọ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ọmọ náà kò sì mọ̀ torí kò sí ẹni tó sọ fún un. Èyí ló dùn mí jù, nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ bá kọ́ ìkòkò onídèérí pa gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán rẹ̀ ṣe wí, tí wọ́n rò pé kò sí ohun tí yóò di afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ títí di 687, carbon dioxide yóò ti kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé 200. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí iná sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nípa mólékù yẹn. OH àti COOH rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òrùka, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú láàárín ilé, torí náà ọwọ́ tí wọn ì bá fi di ti ilé kejì mú dínkù. Salicylic acid, àbúrò rẹ̀ tí kò ní ìrù gígùn, jẹ́ kí a rí i kedere. Nígbà tí OH àti COOH bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 159. Bí a bá fi wọ́n sí òdìkejì ara wọn lórí òrùka kan náà, ó di nǹkan bí 214. Àjọ kan náà ni, owó kan náà, ìjókòó ló yàtọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé kò sí ẹni tó ti ronú sí i. Sidney Benson, pẹ̀lú Buss, ti fi hàn ní 1958 pé kí a tó bu owó lé ìdì kan lórí, ó yẹ ká wo ẹni tó jókòó tì í. Ohun tó dáa nínú ọ̀nà rẹ̀ ni èyí, ohun tó sì le nínú rẹ̀ náà nìyẹn, torí àtẹ rẹ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ agbára inú mólékù ló sì gbájú mọ́ jù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa kà, Áfíríkà ló ti wá. Ní 2004, Yash Nannoolal, Jürgen Rarey, Deresh Ramjugernath àti Wilfried Cordes tẹ ọ̀nà tuntun fún ooru ìhó jáde nínú Fluid Phase Equilibria. Durban ni ìdí iṣẹ́ náà wà, ní Yunifásítì KwaZulu-Natal. Ìdì tiwọn ń wo aládùúgbò rẹ̀. Bí OH bá ju ẹyọ kan lọ nínú mólékù, tàbí OH àti COOH bá jọ wà níbẹ̀, wọ́n ní ìṣirò ọ̀tọ̀ fún àjọṣe wọn. Nǹkan tí wọ́n fi dán an wò lé ní 2,800, ìpíndọ́gba àṣìṣe wọn sì jẹ́ nǹkan bí 6.5 kelvin, ìdajì ti Joback. Ibo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yẹn? Wọ́n ní Dortmund Data Bank, àká tí àwọn ará Jámánì ti ń kó ìwọ̀n gbogbo ayé pamọ́ sí láti 1973. Durban fúnra rẹ̀ sì ti ń wọ̀n láti ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ wọn mọ ìgò, wọ́n mọ pọ́ńpù, wọ́n mọ bí ooru ṣe ń ṣe ségesège nínú yàrá ìwádìí lọ́jọ́ tí iná bá ń tan tó ń kú. David Raal tó dá ibùdó thermodynamics wọn sílẹ̀ kọ odidi ìwé lórí bí a ṣe ń wọ irú nǹkan báyìí. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti wọ̀n títí ni wọ́n tó fojú bù, ìfojúbù wọn sì dáa nítorí rẹ̀.

Àwa ní tiwa, a fẹ́ fojú bù láìwọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ni bá mi jà lórí èyí. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé kò sí iná, pé ẹ̀rọ tó wọ ooru láìyẹ̀ ń ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, pé ọmọ tó fẹ́ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù mẹ́fà kò lè dúró de ẹ̀rọ tí kò ní dé? Ó ní àtẹ Joback ni iṣẹ́ ìwádìí àwọn òtòṣì, kí n má gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́. N kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn náà. Láti mọ ooru yíyọ́ òrí tàbí ti ásíìdì inú rẹ̀, ohun tí o nílò ni òṣùwọ̀n ooru onígíláàsì kan, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tí a fi iná dí ní ẹnu kan, òróró nínú ìgò, àti sítóòfù kẹrosíìnì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí mo wà ní kíláàsì, kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ lè tó dígírì méjì tàbí mẹ́ta. Ti àtẹ lórí oleic acid ju 160 lọ. Ní ti òtòṣì, èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì?

Ó gbà pé ti yíyọ́ rọrùn, ó ní ti híhó ńkọ́? Níbẹ̀, mo fún un ní ìdajì. Nǹkan bíi cardanol kò ṣeé gbé kaná nínú afẹ́fẹ́ títí tí yóò fi hó. Yóò ti máa lẹ̀ pọ̀, yóò máa nípọn bí ọ̀dà. Nínú òfìfo ni wọ́n ti ń hó o. Irú rẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kò ní ìsopọ̀ onímejì, 3-pentadecylphenol, ń hó ní nǹkan bí 190 sí 195 nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kù sí 1 mmHg. Joback ní 514 fún un nínú afẹ́fẹ́ gbangba, ó sì ní yóò yọ́ ní 191, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 50 ló ti ń yọ́. Ẹni tí kò bá ní pọ́ńpù ní láti fojú bù, ìyẹn yé mi. Kó lo ti Durban, kó kọ "ìfojúbù" gàdàgbà sí orí ìlà náà, kó kọ orúkọ ọ̀nà tó lò, kó sì wọ ìbátan nǹkan náà kan tó kéré, tó ń hó wẹ́rẹ́, bíi phenol tàbí cresol, kó fi wo bí àtẹ ṣe yẹ̀ tó nínú ìdílé yẹn. Ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọmọ náà nìyí, mo sì ní kí wọ́n má ṣe gbà á wọlé títí yóò fi ya ìlà tó wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà tó ṣírò, tí yóò sì fi ihò sí ìdérí ìkòkò inú àwòrán rẹ̀.

Ó ti ṣe ti ìkòkò. Ó kù ti àtẹ. Ó ní òun fẹ́ gbìyànjú láti wọ cardanol gan-an, mo sì ti sọ fún un pé èmi yóò bá a wá ohun èlò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín, láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, bá ní pọ́ńpù tó lè fa afẹ́fẹ́ wálẹ̀ dé 1 mmHg, kódà kó ti bàjẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. A ó tún un ṣe.